Ẹ Gbé Àga Súnmọ́ Fèrèsé: Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Ojú Tó Dáa Láìná Owó Púpọ̀

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìkómọjáde nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ya fọ́tò. Ní báyìí, aránṣọ tó ń polówó iṣẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp nílò fọ́tò, olùkọ́ tó fẹ́ kí wọ́n mọ òun lórí LinkedIn nílò rẹ̀, pásítọ̀ àti ààfáà tí ojú wọn máa wà lórí pátákó ìpàdé nílò rẹ̀. Irú fọ́tò tí mò ń wí ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti orí dé àyà, tí ojú ẹni náà mọ́ kedere, tí kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ tó ń bá a du ojú òǹwòran. Àwọn sítúdíò ńláńlá ní Èkó àti Ìbàdàn ń gba owó gidi lórí rẹ̀. Wọn kò jẹ̀bi, torí owó ilé, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó irinṣẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń gbà. Síbẹ̀, ohun tó ń mú kí fọ́tò ojú dáa ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá àti bí ojú ìmọ́lẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Kámẹ́rà olówó ńlá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Fèrèsé kan, kádíbọ́ọ̀dù funfun kan àti fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè ṣe iṣẹ́ náà yanjú.

Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó lọ wo iṣẹ́ Seydou Keïta, ọmọ ilẹ̀ Mali. Ọdún 1948 ló ṣí sítúdíò rẹ̀ nílùú Bamako. Àgbàlá ló ti ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ló sì lò. Aṣọ tó fi ń bo ibùsùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn wọn. Nígbà tó yá ló ń pààrọ̀ aṣọ náà, débi pé aṣọ ẹ̀yìn yìí ló fi ń dá ọdún tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ̀. Lónìí, àwọn ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà tó lórúkọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ń gbé fọ́tò wọ̀nyẹn kọ́ sára ògiri.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, orí gan-an ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Bí ẹ bá mú èèyàn dúró síta gbangba láàárín aago 11 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán, iwájú orí àti imú rẹ̀ ló máa mọ́lẹ̀, ihò ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, òjìji imú á bọ́ lé ètè. Arẹwà èèyàn á wá dà bí ẹni tí kò sùn láti ìjẹta. Oòrùn tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wa débi pé ojú kékeré kan ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì ti ojú kékeré wá, etí òjìji rẹ̀ máa ń hàn gedegbe. Èyí tó bá ti ojú tó fẹ̀ wá, tó sì sún mọ́ni, máa ń yí ojú ká. Òjìji rẹ̀ máa ń rọra wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run fi dáa fún fọ́tò, òun náà ló sì jẹ́ kí àsìkò ọyẹ́ wu àwa tó ń ya fọ́tò, torí eruku ojú afẹ́fẹ́ máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká. Iṣẹ́ kan náà ni fèrèsé ń ṣe. Fèrèsé tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, bí èèyàn bá jókòó tì í, ti fẹ̀ ju ojú ẹni náà lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Torí náà, ẹ yí ilé ká láàárọ̀, kí ẹ tún yí i ká nírọ̀lẹ́, kí ẹ wá fèrèsé tí oòrùn kì í gbà wọlé tààrà ṣùgbọ́n tí ìta mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Èyí tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù sábà máa ń rọrùn ju èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn lọ. Bó bá jẹ́ èyí tí oòrùn ń wọ̀ nìkan lẹ ní, ẹ ta aṣọ ibùsùn funfun tàbí kọ́tìnnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ má lo aṣọ aláwọ̀, torí àwọ̀ kọ́tìnnì ló máa hàn lójú ẹni náà. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gba eruku máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀ gan-an, ẹ ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ṣeé ṣí, bí kò bá ṣeé ṣí, ẹ nù ún. Bí fèrèsé náà bá lọ sílẹ̀ dé orúnkún, ẹ fi aṣọ bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti òkè díẹ̀ wá. Kí ẹ sì pa gbogbo gílóòbù inú yàrá náà. Bí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bá dà pọ̀ mọ́ ti ojúmọmọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á ní àwọ̀ tirẹ̀, èkejì á ní tirẹ̀.

Ẹ gbé àga sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sí fèrèsé, kí ẹ dúró sójú kan, kí ẹ máa wò. Kí ẹni náà kọ́kọ́ kọjú sí fèrèsé tààrà. Gbogbo ojú rẹ̀ á mọ́, kò ní sí òjìji kankan, ojú á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wá ní kó máa rọra yí ara kúrò níwájú fèrèsé. Òjìji á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, á máa gùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìnnà sí fèrèsé á máa ṣú díẹ̀díẹ̀. Ó máa dé ibì kan tí òjìji imú á lọ bá òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́ta á sì ṣẹ́kù sábẹ́ ẹyinjú tó wà lápá òkùnkùn. Rembrandt, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó kú ní 1669, fi irú ìmọ́lẹ̀ yìí kun ojú àwọn èèyàn nínú àwòrán rẹ̀, orúkọ rẹ̀ làwọn oníkámẹ́rà kárí ayé sì fi ń pè é títí dòní. Bí ẹ bá tún jẹ́ kó yí ara sí i, ìdajì ojú á wọ òkùnkùn pátápátá. Ìyẹn dáa fún olórin tó fẹ́ gbé àwo jáde, kò dáa fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Ibi tí èmi fẹ́ràn jù fún fọ́tò iṣẹ́ ni ibi tí òjìji imú ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí kò tíì dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà, ẹ wo ẹyinjú rẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí ẹ rí fèrèsé náà nínú rẹ̀, funfun kékeré kan lápá òkè. Bí kò bá sí níbẹ̀, ojú máa ń kú nínú fọ́tò bó ti wù kí ẹni náà rẹ́rìn-ín tó.

Kádíbọ́ọ̀dù funfun tí àwọn ọmọ iléèwé ń rà ni irinṣẹ́ kejì, mi ò sì rí ohun tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó wúlò tó o nínú iṣẹ́ yìí. Kí ẹnì kan dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé kò sí. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á lu kádíbọ́ọ̀dù, á padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣú, bó bá sì ṣe ń sún mọ́ ojú ni òjìji á máa fúyẹ́. Òmíràn wà tí ẹni tí ẹ fẹ́ yà lè gbé lé itan ara rẹ̀: èyí ló máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ ojú, pàápàá fún obìnrin tó wé gèlè tó yọ síwájú. Bébà fóìlì tí wọ́n fi ń wé ẹran lágbára ju kádíbọ́ọ̀dù lọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ rún un mọ́wọ́ kí ẹ tó tún un tẹ́ sórí páálí. Bó bá sì jẹ́ pé òjìji lẹ fẹ́ kó jinlẹ̀ sí i, bíi ti bàbá kan tó ní irùngbọ̀n funfun tí ẹ fẹ́ kó hàn dáadáa, ẹ fi aṣọ dúdú rọ́pò kádíbọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn jìnnà sí ẹni náà. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù máa ń yára tán lọ́nà: bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń kàn yín tẹ́lẹ̀ ló máa kù. Ti fèrèsé kì í yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń dín kù. Bí ẹni náà bá jókòó ti fèrèsé, tí ògiri sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí 6 sẹ́yìn rẹ̀, ògiri funfun kan náà á di àwọ̀ eérú láìkùn ún, ojú á sì yọ síta. Ògiri tàbí aṣọ tí kò ní àwòrán lára ló dáa. Àdìrẹ aláwòrán ńlá rẹwà, àmọ́ kò yẹ lẹ́yìn orí ẹni tó ń wáṣẹ́.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ awọ dúdú, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iléeṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀, kí wọ́n máa fi ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀rọ wọn. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì náà, Shirley ni wọ́n sì ń pè é. Awọ Shirley ni wọ́n fi ń wọn gbogbo awọ. Bí dúdú àti funfun bá dúró pa pọ̀ nínú fọ́tò, ojú funfun á jáde dáadáa, ti dúdú á ku eyín àti ẹyinjú. Lorna Roth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Concordia nílẹ̀ Kánádà, ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Lára ohun tó kọ ni pé àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi wà lára àwọn tí ìráhùn wọn mú kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe, torí àwọ̀ ọjà wọn kì í jáde bó ṣe yẹ nínú ìpolówó. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ igi àti ṣokoléètì tètè wọ etí ju ọ̀rọ̀ èèyàn lọ.

Fíìmù ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n fóònù náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bó ṣe máa mú gbogbo àwòrán wá sí ìwọ̀n àárín, tí kò mọ́ jù, tí kò sì ṣú jù, ló ń wá. Bí ẹni dúdú bá wọ aṣọ funfun, tó jókòó síwájú ògiri funfun, fóònù á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni náà á sì ṣú. Bó bá wọ kóòtù dúdú níwájú aṣọ dúdú, fóònù á fi kún ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ ojú rẹ̀ á sì ṣí ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Kò ṣòro láti bá a wí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà, kí ẹ má tètè gbé ìka kúrò, títí fóònù á fi sọ fún yín pé òun ti dúró síbẹ̀. Ẹ wá rọra fa àmì oòrùn kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, títí awọ ojú á fi rí bó ṣe rí níwájú yín gan-an.

Dídán tí awọ dúdú ń dán, ẹwà ni. Òun ló ń fi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn, òun ló ń fi ìdúró imú àti àgbọ̀n hàn. Iná ara fóònù máa ń sọ dídán yìí di ẹ̀kán funfun kan ṣoṣo sí iwájú orí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó fún irú fọ́tò yìí. Fèrèsé máa ń na dídán náà gbọọrọ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì tuni lójú. Ẹ má fi páúdà pa á tán. Bí òógùn bá ń yọ, ẹ fi aṣọ ìnujú gbígbẹ tẹ iwájú orí àti imú, kí ẹ má nù ún. Ẹni tó bá fi òrí tàbí ìpara olóròóró para láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó fọ ojú kó tó jókòó. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ní ilà lójú, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ máa ń mú kí ilà jinlẹ̀, ti iwájú máa ń mú kó fúyẹ́. Òun ni kí ẹ bi bó ṣe fẹ́ kó hàn, torí òun ló ni ojú.

Kámẹ́rà wá ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ nu lẹ́ǹsì fóònù yín. Epo ọwọ́ ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò tó rí bàìbàì tí àwọn èèyàn ń dá fóònù lẹ́bi lé lórí. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, ó sábà máa ń dáa ju ti iwájú lọ. Ẹ má sún mọ́ ojú ẹni náà jù: bí fóònù ò bá jìnnà ju ìnà ọwọ́ kan lọ, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn. Ẹ dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ẹ fi sùúmù ìlọ́po méjì fà á mọ́ra. Kí lẹ́ǹsì àti ojú ẹni náà dọ́gba ní gíga. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, ẹ to àpótí sórí tábìlì, kí ẹ gbé fóònù tì í, kí ẹ jẹ́ kó ka ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó yà á.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbé e, tó sì fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun, kó wá kámẹ́rà Canon tàbí Nikon tòkúnbọ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm f/1.8. Lẹ́ǹsì yìí wà lára èyí tí owó rẹ̀ rọjú jù lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ méjèèjì. Kó má máa ṣí ojú lẹ́ǹsì náà gbayawu dé f/1.8 nígbà gbogbo, torí ẹyinjú kan lè mọ́ kí èkejì má mọ́. f/2.8 tàbí f/4 ló dáa fún ojú. Àmọ́ kó má lọ yá owó èlé nítorí rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ nìkan kò tó, ẹni tó jókòó níwájú yín ní tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague ṣèwádìí iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó rí i pé fọ́tò àgbàlagbà ní ìlànà: wọ́n á jókòó, wọ́n á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé itan, aṣọ á tẹ́ rẹrẹ, ojú á balẹ̀. Ìjókòó yẹn ní iyì, bí bàbá tàbí ìyá kan bá sì fẹ́ ẹ, ẹ yà á fún un. Fún fọ́tò iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí èjìká yí díẹ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà, kí ojú padà wá wo lẹ́ǹsì. Kí ẹni náà gbé àgbọ̀n síwájú díẹ̀, kó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń rí bákan lára ẹni tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń ya àgbọ̀n kúrò lára ọrùn. Bó bá wọ awò ojú tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà, ẹ ní kó tẹrí ba díẹ̀ sí i tàbí kí ẹ yí àga náà díẹ̀. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lókè orí fún gèlè àti fìlà, ẹ má gé e.

Ẹ má fọwọ́ kan fìlà àgbàlagbà láìtọrọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún fìlà yín ṣe" kò gba àkókò kankan. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ni, tí ara rẹ̀ le gan-an níwájú kámẹ́rà, ẹ béèrè oríkì rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó kì í. Kí ọwọ́ yín ti wà lórí kámẹ́rà. Èjìká á kọ́kọ́ rọ̀, ẹnu á ṣí díẹ̀, ojú á tàn kó tó di pé ó rẹ́rìn-ín. Àkókò tó ṣáájú ẹ̀rín yẹn ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ló ṣeé ṣe, tí iná mànàmáná sì wà, ẹ ra gílóòbù LED méjì tí àwọ̀ wọn bára mu, funfun bíi ti ojúmọmọ. Ẹ kọjú wọn sí ògiri funfun tàbí aṣọ funfun tí ẹ ta, kí ohun tó ti ibẹ̀ padà wá máa kan ẹni náà. Ògiri yẹn ti di fèrèsé yín. Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú sì máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń sáré kọjá lójú fóònù, ohun tó fà á nìyẹn. Bí kámẹ́rà yín bá gbà á, ẹ fi ìyára tó fi ń ya fọ́tò sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Iná olóbìrípo tí wọ́n ń tà káàkiri kò burú fún fídíò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e síwájú gan-an, ó máa ń pa òjìji tán, ó sì ń fi òrùka sínú ẹyinjú.

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti físà yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ. Níbẹ̀, wọn kò fẹ́ òjìji rárá. Ti físà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 2 ní gígùn àti ní ìbú, kí ẹ̀yìn funfun, láti Oṣù Kọkànlá 2016 ni wọn kò sì ti gba awò ojú mọ́. Ẹ kọjú sí fèrèsé tààrà fún ìyẹn.

Ó ku títún fọ́tò ṣe. Ẹ tọ́ ọ bó bá wọ́, ẹ gé etí rẹ̀, ẹ yọ iròrẹ́ tó máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bó bá wù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bó awọ. Àwọn ohun èlò tó wà lórí fóònù tó ń sọ aláwọ̀ dúdú di pupa, tó ń tẹ́ imú, tó ń nu ilà ọjọ́ orí nù, iṣẹ́ ibi ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba òun síṣẹ́, nítorí ẹni tó bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gbọ́dọ̀ lè dá a mọ̀ nígbà tó bá wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń yà á fún owó, bí oníbàárà bá ní kí ẹ bó òun, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí ẹ kò fọwọ́ kàn hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dáa, ọ̀pọ̀ wọn ló máa mú ojú ara wọn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ yan "document" dípò "photo". WhatsApp máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀ kó lè fúyẹ́, èyí tó bá sì ti gba bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ń tẹ pátákó kì í jáde dáadáa mọ́.